Ìgbẹ́ gbuuru Kẹ́hìndé ti pé ọjọ́ 19: kí ni kí n fún un jẹ?

Ẹ BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ MÀMÁ NỌ́Ọ̀SÌ
Màmá Nọ́ọ̀sì fi ọdún 33 ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Iléṣà ni wọ́n ń gbé.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àánú wa. Ìbejì ni mo bí, ọkùnrin méjèèjì, wọ́n ti pé oṣù 14. Ọjọ́ 19 rèé tí Kẹ́hìndé ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Níbẹ̀rẹ̀, ó tó ìgbà 8 lójúmọ́, omi ṣáá ni. Ní báyìí ó ti dín sí ìgbà 5 tàbí 6, ṣùgbọ́n ó ń hó bí ọṣẹ, ó ń rùn kíkan, ìdí rẹ̀ sì ti pọ́n yòò, ó ti bó. Mo ra kápúsù àti Flagyl ní kẹ́mísì, mo ń tú u sínú omi fún un fún ọjọ́ 5, kò dá a dúró. Ìyá ọkọ mi ní ìgbẹ́ eyín ni. Wọ́n ní oòrùn ọjà Àtàkúnmọ́sà tí mo ń jókòó sí ló pa ọmú mi, pé ọmú ti kan, kí n já a lẹ́nu ọmú. Wọ́n tún ní n kò gbọdọ̀ fún un ní ẹ̀wà, epo tàbí ẹyin títí inú rẹ̀ yóò fi dá. Ògì tó ṣàn àti mílíìkì inú fídà ló ń mu, pẹ̀lú ọmú tí mo ń fún un ní òru bí wọ́n bá ti sùn. Kí èyí tó bẹ̀rẹ̀, kílò 9.2 ni. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá tí mo gbé e wọ̀n, ó ti di 8.0. Ohun tí kò yé mi ni pé mílíìkì kan náà ni Táíwò ń mu, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n fún un jẹ? (Ìyá Ìbejì, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ọlọ́run yóò wo Kẹ́hìndé sàn. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tí ẹ kọ ló kàn mí, ṣùgbọ́n ibi tí àyà mi ti já ni kílò 9.2 tó di 8.0 yẹn. Ìgbẹ́ tó ń hó àti iye ìgbà tó ń lọ kò bà mí lẹ́rù tó o.

Ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí oòrùn tó mú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín. Ìgbẹ́ gbuuru tó bá ti pé ọjọ́ 14 tí kò dá, àwa nọ́ọ̀sì kì í bá a ṣeré mọ́. Ó ti gba àga jókòó nínú ọmọ nìyẹn, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, kí wọ́n gbọ́ àyà rẹ̀, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ wò, torí àìsàn mìíràn a máa fara pamọ́ sẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru, kò sì ní í jẹ́ kí ọmọ fẹ́ oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá ti jìn wọlé, bí ó bá ń sunkún tí omijé kò jáde, bí ẹ bá fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè tí kò tètè padà, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá wú, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tàbí tí kò lè mu nǹkan kan, ẹ má dúró de òwúrọ̀. Ọsibítù ńlá ni kí ẹ gbé e lọ, bó jẹ́ òru.

Ẹ wá béèrè ohun tí ọmọ yóò jẹ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí oúnjẹ ni oògùn ìgbẹ́ tó ti gba àga jókòó.

Ìjẹ̀ṣà ni wá, ọmọ òṣómàáló, a mọ aṣọ. Ẹ fọwọ́ ra aṣọ àrán wò. Irun wẹ́wẹ́ tó dúró lójú rẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni inú ìfun kékeré ṣe rí. Ara irun náà ni oúnjẹ ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀, ṣónṣó orí rẹ̀ ló sì ń pèsè èròjà tó ń fọ́ ṣúgà inú wàrà. Kòkòrò tó wọ inú Kẹ́hìndé ní ọjọ́ 19 sẹ́yìn ti fá àrán náà. Kòkòrò lè ti bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àrán ti pá. Bí mílíìkì bá dé ibẹ̀ báyìí, kò sí ohun tí yóò fọ́ ṣúgà rẹ̀. Odindi ló ń bọ́ sínú ìfun ńlá, á máa fa omi mọ́ra, àwọn kòkòrò tó ń gbé ibẹ̀ á sì mú un kan bí ògì ṣe ń kan nínú ìkòkò. Òun ló ń mú kí ìgbẹ́ hó, òun ló ń mú un rùn kíkan, òun náà ló ń jó ọmọ nídìí. Àrán ti Táíwò ò pá, ìdí nìyẹn tí mílíìkì kan náà kò fi ṣe é ní nǹkan kan.

Àrán yìí máa ń hù padà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ara ọmọ lè hun òmíràn, bó bá ṣáà ti rí òwú. Oúnjẹ ni òwú náà. Ọmọ tí a bá fi ebi pa nítorí kí inú rẹ̀ lè dá, a gba òwú lọ́wọ́ ahunṣọ ni. Àrán kò ní í hù, ìgbẹ́ kò ní í dá, ẹ̀yin náà á tún dín oúnjẹ kù nítorí ìgbẹ́ kò dá. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe ń gbẹ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Mo mọ ohun tí mò ń wí, nítorí èmi náà ti gba òwú lọ́wọ́ ọmọ rí. Ní ọdún 1981, nọ́ọ̀sì tuntun ni mí ní ọsibítù kan, ohun tí a sì ń sọ fún àwọn ìyá nígbà náà ni pé kí ìfun sinmi: omi glúkóòsì, tíì tí kò ní mílíìkì, ó tán. Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, oṣù 11 ni, ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹta. Ìyá rẹ̀ àgbà ló ń tọ́jú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo ká màmá náà mọ́ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, wọ́n ń fi ìka wọn rún ọ̀ọ̀lẹ̀ sínú ẹ̀kọ, wọ́n ń fi í sí ọmọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Mo gba abọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo pariwo lé wọn lórí, èmi tí mi ò tíì bímọ. Màmá kò bá mi jà. Nígbà tí mo bá ti parí iṣẹ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin mo gbé ọmọ náà sórí òṣùwọ̀n, ó ti fi gíráàmù 200 sí i, nígbà tí gbogbo àwọn tó ń mu omi glúkóòsì mi ń lọ sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ bẹ màmá yẹn níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo abọ́ ọmọ kí n tó wo ìgbẹ́ rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná.

Ọmọ tó ní irú ìgbẹ́ yìí nílò ó kéré tán kálórì 110 (kálórì ni a fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara) lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀. Kẹ́hìndé jẹ́ kílò 8, ìyẹn jẹ́ 880. Ògì tó ṣàn kò ju nǹkan bíi kálórì 30 lọ nínú mílílítà 100. Bí a bá ní kí ògì yẹn nìkan bọ́ ọ, yóò mu tó lítà 3 lójúmọ́. Ikùn ọmọ wo ló lè gbà á? Omi ló ń yó o.

Nítorí náà, ògì tó ki ni kí ẹ ṣe. Bí ẹ bá fi ṣíbí bù ú tí ẹ dojú ṣíbí dé, kó rọra máa já bọ́. Ẹ rẹ ẹ̀wà, ẹ bó èèpo rẹ̀ dànù pátápátá, ẹ sè é títí yóò fi rọ̀ ríbíríbí, ẹ gún un tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Bí ògì inú abọ́ bá jẹ́ ìdá méjì, kí ẹ̀wà jẹ́ ìdá kan. Ẹ gún edé gbígbẹ tàbí ẹja gbígbẹ tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ di ẹ̀tù, ẹ bù ṣíbí tíì 1 sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ bù ṣíbí tíì epo pupa 1 sórí rẹ̀, ẹ rò ó pọ̀. Ṣíbí epo kékeré yẹn tó kálórì 40, kò sì gba àyè nínú ikùn. Epo pupa tún ń fún ara ní ohun tí ara fi ń ṣe fítámì A, èyí tí ìfun nílò láti fi tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ má jẹ́ kí epo gbóná títí yóò fi funfun, ẹ̀ ń sun fítámì náà nìyẹn.

Lójúmọ́, ìgbà 6 ni kí ẹ fún un, díẹ̀díẹ̀, ọmú yàtọ̀. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Lónìí ọ̀ọ̀lẹ̀ tí a rún mọ́ ẹ̀kọ, lọ́la ìrẹsì tó rọ̀ dáadáa pẹ̀lú ẹyin sísè tí a fọ́ mọ́ ọn. Iṣu náà dára, ṣùgbọ́n iyán tí a fi omi ọbẹ̀ lásán tẹ̀ fún ọmọ kì í ṣe oúnjẹ fún un lásìkò yìí, bó ti wù kí àwa Ìjẹ̀ṣà fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ẹyin tàbí ẹja gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n náà dára láàárín oúnjẹ, ó ń dá iyọ̀ kan tí ìgbẹ́ ń fà jáde padà sí ara. Ṣúgà, ẹ dín in kù gidigidi. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti omi èso inú páálí, ẹ má jẹ́ kó kan ẹnu rẹ̀, torí ṣúgà inú wọn náà ń fa omi sínú ìfun.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lè nira. Ọmọ tó ń ṣàìsàn kì í fẹ́ jẹ, yóò tu òmíràn jáde. Ẹ má fi ipá fún un, ẹ má sì jáwọ́. Ṣíbí márùn-ún, ẹ sinmi, ẹ tún padà wá.

Mílíìkì inú fídà, ẹ dá a dúró báyìí. Bí ẹ bá rí yúgọ́ọ̀tì tí wọn kò fi ṣúgà sí, ẹ lè pò ó mọ́ oúnjẹ rẹ̀ díẹ̀, nítorí kíkan tó ti kan ti jẹ díẹ̀ nínú ṣúgà wàrà náà. Fídà fúnra rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Mo ti tú fídà wò rí níwájú àwọn ìyá ní wọ́ọ̀dù. Ohun tó ń lẹ̀ mọ́ inú rọ́bà rẹ̀, bí ẹ bá rí i, ẹ kò ní í fún ọmọ ọ̀tá yín. Ife àti ṣíbí tó. Oúnjẹ tí ẹ sè láàárọ̀, ẹ má gbé e sílẹ̀ di ọ̀sán fún un. Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ kí ẹ tó dé ìdí ìkòkò, pàápàá bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ìtẹ́dìí rẹ̀ dà.

Omi ara rẹ̀ ńkọ́? Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ṣàn, ẹ fún un ní ORS, èròjà tí a ń pò mọ́ omi láti fi dá omi ara padà, mílílítà 50 sí 100 pẹ̀lú ife àti ṣíbí. ORS inú sáṣẹ́ẹ̀tì ni mo ń wí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá ṣì ń pò iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì bí a ti kọ́ wọn láyé ijọ́sí. Ìgò mílílítà 300 ni a fi kọ́ wọn, méjì rẹ̀ sì ni 600. Ìgò ti yí padà, òmíràn 350, oníke 500, ìwọ̀n kò sì bára mu mọ́. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fún ọmọ. Ẹ ka ara sáṣẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ sì wọn omi tí wọ́n kọ síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ béèrè oògùn oníhóró tí wọ́n ń pè ní síńkì pẹ̀lú nílé ìwòsàn, mílígíráàmù 20 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 14. Yóò yọ́ nínú ṣíbí omi. Ẹ má dá a dúró ní ọjọ́ kẹta nítorí pé ìgbẹ́ ti ki.

Kápúsù yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún rà á. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá sí nínú ìgbẹ́, tí àyẹ̀wò kò sì fi kòkòrò kan pàtó hàn, oògùn apakòkòrò kò wúlò fún ìgbẹ́ yìí, ó tilẹ̀ ń dá kún ìdàrú inú ìfun. Èyí tí àgbàlagbà ń lò láti fi dí ìgbẹ́ tún burú jù fún ọmọ ọwọ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín. Ẹ má bá wọn jà. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ohun tí ẹ̀ ń fẹ́. Eyín a máa hù ní àsìkò tí ọmọ ń rákò, tó ń ki gbogbo ohun tó bá rí nílẹ̀ bọ ẹnu, ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń wọlé, eyín kò mọ nǹkan kan sí i. Ọmú kì í kan nínú ara ìyá, oòrùn ọjà Àtàkúnmọ́sà kò lè débẹ̀. Ẹ máa fún un lọ́mú, lọ́sàn-án, lóru, ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́. Ti ẹyin tí àwọn kan ń sọ pé ó ń sọ ọmọ di olè, mo ti fi ẹyin bọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti di bàbá àti ìyá ọmọ nílùú yìí lónìí, mi ò tíì gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn jalè.

Ẹ̀wà àti epo? Ẹ bi Màmá yìí fún mi: oúnjẹ ta ni ẹ̀wà àti epo nílẹ̀ Yorùbá? Oúnjẹ ìbejì ni. Òun ni a fi ń ṣe wọ́n láti ayé àwọn baba ńlá wa. Ẹ gbé ẹ̀wà fún wọn kí wọ́n bá yín bó o. Kò sí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n bó bí ọwọ́ ìyá àgbà.

Ní ọjọ́ 5 kí ẹ gbé e padà lọ sí ilé ìwòsàn náà. Ní ọjọ́ 7 kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí ẹ lò, kó wà ní ìhòòhò, kó má ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ń gòkè, oúnjẹ ti ń ṣiṣẹ́, kódà bí ìgbẹ́ kò bá tíì ki tán. Bí kò bá gòkè láàárín ọjọ́ 7, tàbí tí ìgbẹ́ olómi ju ìgbà 10 lọ lójúmọ́, ọsibítù ló kàn. Ẹ mú kádì rẹ̀ dání, èyí tí wọ́n ń fi ìlà ya ìwọ̀n ara ọmọ sí. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí kádì yẹn, nítorí agbègbè wa níbí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Dókítà David Morley dé ọsibítù Wesley Guild, Iléṣà, ní 1956. Ìmẹ̀sí-Ilé ni ó ti dá kíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti lo kádì ìwọ̀n ara tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wá gbà lò. Ohun tó fẹ́ ni kí ìyá fúnra rẹ̀ rí ìlà náà bó bá ti ń wálẹ̀, kó má dúró títí egungun ọmọ yóò fi yọ.

ÌBÉÈRÈ: Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Ọmọ ọmọ mi, oṣù 10, ti ń ya ìgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀. Mo kà á pé ṣúgà inú ọmú ìyá pọ̀ ju ti wàrà màlúù lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kò fi ní ká já a lẹ́nu ọmú, tó jẹ́ mílíìkì màlúù nìkan ni wọ́n dá dúró? Ẹnì kan tún ní ká ra mílíìkì sọ́yà alágolo. Mo béèrè owó rẹ̀ ní Lágéré, ó ju agbára wa lọ. (Bàbá Àgbà, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú àmójútó ọmọ. Òótọ́ ni ohun tí ẹ kà. Nínú mílílítà 100, ọmú ìyá ní nǹkan bíi gíráàmù 7 ṣúgà yẹn, ti màlúù kò pé 5. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọmọ ṣe ń mu méjèèjì. Fídà kan, ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ṣúgà rẹ̀ dà sórí ìfun tó ti pá. Ọmú ń wá díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán tòru, èyí tó kù nínú àrán á sì rí i ṣe. Ọmú tún gbé ohun tó ń bá kòkòrò jà wá, àti èyí tó ń ran ìfun lọ́wọ́ láti hù. Nínú ọdún 33 mi, àwọn ọmọ tí ọmú ìyá tìkára rẹ̀ ṣe ní jàǹbá nínú irú àìsàn yìí kò pọ̀ rárá. Àwọn tí jíjá lẹ́nu ọmú pa lára pọ̀. Kí ìyá rẹ̀ máa fún un lọ́mú lọ.

Ẹ fi owó mílíìkì alágolo yẹn ra ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adenike Grange, tó di Mínísítà Ètò Ìlera ní 2007, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán àgbàdo, ẹ̀wà àti epo pupa wò fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ya ìgbẹ́ olómi, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1994. Wọ́n fi í wé mílíìkì sọ́yà, oúnjẹ wa kò sì kẹ́yìn. Ìgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe èyí tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni mo fi ọwọ́ ara mi rí ní wọ́ọ̀dù.

Bí wọ́n bá dá ọmọ dúró ní ọsibítù, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ẹ bá rí i pé ìrẹsì ni wọ́n ń sè fún un. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni. Oúnjẹ àkọ́kọ́ ni ìrẹsì, mílíìkì díẹ̀, òróró àti ṣúgà díẹ̀, kí ṣúgà wàrà má baà pọ̀. Ohun tó sábà máa ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á yọ mílíìkì pátápátá, wọ́n á sì dín ìrẹsì náà kù: odindi ẹyin ńlá 1, gíráàmù 3 ìrẹsì, gíráàmù 4 òróró àti gíráàmù 3 glúkóòsì, wọ́n á fi omi mú un dé mílílítà 200. Bí kò bá sí ẹyin, ẹran adìyẹ tí a sè tí a lọ̀ kúnná a máa rọ́pò rẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí kò sí lọ́jà yín. Èyí tó le níbẹ̀ ni wíwọ̀n rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣe é.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọmọ mi jẹ́ oṣù 3. Ó ti ń ṣu ìgbẹ́ tó ṣàn fún ọjọ́ 16. Ṣé mo lè fún un ní àgbo jẹ̀dí, ìdérí ìgò kan péré? (Ìyá Àgbà, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà)

ÌDÁHÙN: Rárá o, Ìyá. Àgbo jẹ̀dí ń mú ni yàgbẹ́ ni, omi tó kù lára ọmọ náà ló máa gbọ́n jáde. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 4, ìgbẹ́ tó bá ti kọjá ọjọ́ 14 lára rẹ̀, ọsibítù ni ibẹ̀. Ẹ gbé e lọ lónìí. Ẹ mọ̀ pé ọmọ tí kò mu nǹkan mìíràn ju ọmú lọ a máa ṣu ìgbẹ́ yẹ́lò tó rọ̀ tó sì ń ṣàn, ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́, ara rẹ̀ á sì máa sanra. Èyíinì kì í ṣe àìsàn. Òṣùwọ̀n ni yóò sọ èyí tí ti ọmọ yín jẹ́. Títí ẹ ó fi débẹ̀, ọmú nìkan ni kó wọ ẹnu rẹ̀, omi pàápàá, rárá.

Kí a tó gbé ìwé yìí lọ fún ìtẹ̀wé, Ìyá Ìbejì tún kọ̀wé ránṣẹ́: “Màmá, mo gbé e lọ. Wọ́n rí i pé etí rẹ̀ ọ̀tún ń ṣọyún, wọ́n fún un ní oògùn rẹ̀, wọ́n fún un ní síńkì náà. Ní ọjọ́ 5, kílò 8.1. Lánàá tó pé ọjọ́ 7, kílò 8.3. Ìgbẹ́ ti di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kò hó mọ́. Ìyá ọkọ mi ló ń bó ẹ̀wà. Nígbà wo ló lè padà sí mílíìkì?”

Ìyá Ìbejì, mo ka èyí sókè fún ọkọ mi lórí tábìlì oúnjẹ, a sì jọ dúpẹ́. Ọmọ tí etí ń dùn kì í fẹ́ gbé oúnjẹ mì, ẹ parí oògùn náà. Ẹ má tíì sáré dé ọ̀dọ̀ mílíìkì. Ẹ jẹ́ kí ìgbẹ́ rẹ̀ ki tán, kí ó sì máa wúwo sí i, kí ẹ wá máa bu mílíìkì díẹ̀ sínú ògì rẹ̀, kó má dá a mu lásán. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi kún un. Bí òórùn kíkan yẹn bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó tún dán an wò. Ẹ̀wà, epo àti ẹja kò ní í kúrò nínú abọ́ rẹ̀. Ó kéré tán fún oṣù kan gbáko, ẹ fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kún iye tó ń jẹ lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, kó lè bá Táíwò dọ́gba padà. Táíwò náà, ẹ gba fídà lọ́wọ́ rẹ̀.